Ta Ni Yóò Bá A Lọ sí Aró?

  Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ríru la sọ̀rọ̀ lé lórí. Tọ̀sẹ̀ yìí yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kì í fẹ́ sọ jáde lẹ́nu ni, pàápàá jù lọ níbi tí àna ẹni bá wà. Ọ̀rọ̀ àìsàn ọpọlọ ni.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, bí ọmọ kan bá ń ṣe bó ṣe wù ú, ohun tí a máa ń wí fún un ni pé, "Wọn yóò gbé ọ lọ sí Aró." A ó sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà wí bẹ́ẹ̀, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ibi tí Aró wà, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìgbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo tó mọ̀ pé ibi tí a fi ń bú ara wa yẹn, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń ti òkè òkun wọkọ̀ òfuurufú wá síbẹ̀ láti wá kẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá ìdílé náà mọ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá síbi tí a ti ń wẹ egbò. Ọmọ náà kò ju ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Egbò yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì po bí ìgbà tí èèyàn wọ ẹ̀gbà. Ìyá rẹ̀ ní ó ṣubú lórí ọ̀kadà ni. Èmi tí mo ti ń wẹ egbò tipẹ́, mo mọ̀ pé ọ̀kadà kì í dá egbò róbótó sí ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo wẹ̀ ẹ́, mo dì í, mo ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ìgbà kẹta tí wọ́n wá ni màmá náà bú sẹ́kún. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi de ọmọ náà mọ́lẹ̀ níbì kan tí wọ́n gbé e lọ pé kí wọ́n bá wọn wò ó. Wọ́n nà án, wọ́n febi pa á, wọ́n ní ẹ̀mí tó wà lára rẹ̀ ni àwọn ń nà.

"Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú pé mo parọ́," ni màmá náà wí. "Ojú ló ń tì mí."

Mo ní kí wọ́n má sunkún mọ́. Mo ní kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí Aró ní Abẹ́òkúta. Kò kúkú jìnnà sí wa, a kàn máa gba Ṣàgámù kọjá ni. Wọ́n lọ sílé, wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di iṣu ata yán-an yàn-an. Ta ni yóò bá a lọ? Bàbá ní òun kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Èkó ní òun yóò máa fowó ránṣẹ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń múra ìgbéyàwó lọ́wọ́, wọ́n ní kí ó má tilẹ̀ dá sí i rárá, kí àwọn àna má baà gbọ́.

Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ síbi ìpàdé yẹn ná. A ó padà síbẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún yín nípa ọkùnrin kan tó jẹ́ pé ìbéèrè yìí gan-an ló fi ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Aró.

ỌMỌ Ẹ̀GBÁ TÍ AYÉ Ń GBỌ́ ORÚKỌ RẸ̀

Orúkọ rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo. Ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1923 ni wọ́n bí i ní Abẹ́òkúta. Baptist Boys' High School níbẹ̀ ló ti kàwé, kí ó tó lọ kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Birmingham ní Ìlú Ọba. Ó jáde ní 1948. Ó padà wálé wá ṣiṣẹ́ dókítà fún ìjọba, lẹ́yìn náà ló tún padà sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ́ ìmọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ àti ìwà ọmọ ènìyàn. Láyé ìgbà yẹn, dókítà tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó yan irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n bí ojú.

Ẹ jẹ́ mọ ohun tí àwọn òyìnbó kan ń sọ nípa wa nígbà náà. Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan tí dókítà J. C. Carothers kọ, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà. Nínú ìwé náà, ó ní aláwọ̀ dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ lo apá iwájú ọpọlọ rẹ̀. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ tún gbà pé ìbànújẹ́ ọkàn tó ń di àìsàn kò wọ́pọ̀ láàárín wa, pé èyí tí ń ronú ni í ṣe é. Ẹ gbọ́ o! Bí ẹni pé àwọn ìyá wa kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì.

Ní 1954, Lambo dé Aró gẹ́gẹ́ bí dókítà àgbà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní Lántòrò, ní Abẹ́òkúta kan náà, ni wọ́n ti ń kó àwọn aláìsàn ọpọlọ sí láti 1944. Ilé tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀ ni, àwọn sójà tí orí wọn dàrú lẹ́yìn ogun ni wọ́n sì kọ́kọ́ kó síbẹ̀. Ilé ìwòsàn tuntun tí ìjọba ń kọ́ sí Aró kò tíì parí nígbà tí Lambo dé. Ẹlòmíràn ì bá ní kí gbogbo aláìsàn dúró títí ilé yóò fi parí. Lambo kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wo àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká, ó lọ bá àwọn àgbà ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé.

Bí ètò náà ṣe ń lọ nìyí. Ìdílé aláìsàn yóò háyà yàrá lọ́wọ́ àwọn ará abúlé. Ó di dandan kí mọ̀lẹ́bí kan, ó kéré tán, bá aláìsàn wá. Ó lè jẹ́ ìyá, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Ẹni yẹn ni yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀ fún abẹ́rẹ́ àti oògùn, tí yóò sì mú un padà lọ́sàn-án. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn yóò jọ wà láàárín àwọn ará abúlé, wọn yóò jọ gbọ́ ìlù, wọn yóò jọ ṣeré. Ilé ìwòsàn náà sì yá àwọn ará abúlé lówó láti fi kún ilé wọn, wọ́n bá wọn ṣètò omi ẹ̀rọ àti ṣáláńgá. Ìdí nìyí tí àwọn ará abúlé kò fi ka aláìsàn sí ẹrù tí ìjọba dì rù wọ́n.

Lambo tún ṣe ohun tó ya àwọn dókítà mìíràn lẹ́nu. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá kí wọ́n bá òun ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Kò ní kí wọ́n máa de èèyàn mọ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n máa nà án. Ohun tó ń wá lọ́dọ̀ wọn ni ìmọ̀ tí wọ́n ní nípa ìgbàgbọ́ aláìsàn, nípa ẹbí rẹ̀ àti ìjà tó wà láàárín ilé, àwọn nǹkan tí ìwé Lọ́ńdọ̀nù kò kọ́ ọ. Oògùn òyìnbó sì ń lọ lójú ọ̀nà tirẹ̀, lábẹ́ ojú dókítà.

OHUN TÍ ÌWÁDÌÍ FI HÀN

Iṣẹ́ Lambo kò mọ sórí ìtọ́jú nìkan. Olùwádìí ni. Ní 1961, òun àti ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell, kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n sì wọ inú Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé agbègbè rẹ̀ lọ. Wọ́n jókòó ti àwọn èèyàn, wọ́n bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń sùn, bí ọkàn wọn ṣe rí, ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Wọ́n fi ohun tí wọ́n rí wé èyí tí wọ́n ti rí lára àwọn òyìnbó kan ní Kánádà. Ìwé tí wọ́n kọ jáde ní 1963.

Kí ni wọ́n rí? Wọ́n rí i pé àwọn àmì àìsàn ọkàn tó wà lára òyìnbó wà lára Yorùbá náà, ìbànújẹ́ ọkàn sì wà nínú rẹ̀ dáadáa. Yorùbá kàn kì í pè é ní orúkọ kan ṣoṣo bí òyìnbó ṣe ń pè é ni. Èèyàn yóò ní "ara mi ò yá", "oorun ò kùn mí", "àyà mi ń já", "ọkàn mi ò balẹ̀". Wọ́n tún kíyè sí i pé ní àwọn abúlé tí ìṣọ̀kan ti tú, tí olúkúlùkù ń ṣe tirẹ̀, àwọn àmì náà máa ń pọ̀ ju ti ibi tí àwọn èèyàn ṣì ń ṣe pọ̀ lọ.

Nígbà tí ọdún 1960 sí 1970 ń parí lọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án lórí àìsàn tí dókítà ń pè ní schizophrenia. Èyí ni irú tí aláìsàn fi ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tó sì ń rò pé wọ́n ń lépa òun. Aláìsàn 1,202 ni wọ́n yẹ̀ wò, Ìbàdàn sì wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ṣe é. Lẹ́yìn ọdún méjì tí wọ́n padà lọ wò wọ́n, àwọn tó wà ní Ìbàdàn àti ní Agra ní Íńdíà ń sàn ju àwọn ti ìlú olówó bíi Lọ́ńdọ̀nù àti Washington lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ó jọ pé ẹbí tó yí aláìsàn ká, àti iṣẹ́ tó lè máa bá wọn ṣe nínú ilé, ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Lambo di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, ó di gíwá yunifásítì náà ní 1968. Ní 1971 ó lọ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva, nígbà tó sì di 1973, ó di igbá-kejì ọ̀gá àgbà pátápátá, ipò tó wà títí di 1988. Ẹ rántí pé àjọ yìí kan náà ló tẹ ìwé tó ní a kì í lo ọpọlọ wa dáadáa. Ogún ọdún péré ló wà láàárín méjèèjì. Oṣù kẹta ọdún 2004 ni bàbá náà dolóògbé.

Ètò abúlé yẹn kò sí mọ́ bó ṣe wà nígbà náà, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn Aró ṣì wà níbẹ̀. Ní 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà. Wọ́n fi hàn pé níbi tí òṣìṣẹ́ ìlera bá ti ń lọ bá oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn aládùúrà, tí wọ́n jọ ń tọ́jú aláìsàn pẹ̀lú oògùn, aláìsàn ń sàn ju ibi tí wọ́n ti fi í sílẹ̀ fún wọn nìkan lọ. Ọ̀nà tí Lambo là sílẹ̀ ni wọ́n ṣì ń tọ̀.

Ẹ̀YIN ÒBÍ, Ẹ GBỌ́ O

Dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, ṣiṣẹ́ ní Aró láàárín 1957 sí 1959. Ó kíyè sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń wá sọ pé orí àwọn ń gbóná, ojú àwọn ń ṣú, ohun tí àwọn kà kò dúró lórí àwọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló ń pè é ní brain fag, pé ọpọlọ àwọn ti rẹ̀. Prince kọ nípa rẹ̀ ní 1960. Lóde òní, ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé ìpayà àti ìbànújẹ́ ọkàn ló máa ń wà nídìí rẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ yín tó fẹ́ ṣe WAEC tàbí JAMB bá ń ké orí, orí, tí panadol kò sì ràn án, ẹ má yára sọ pé ọ̀lẹ ni, ẹ má sì sọ pé ayé ló ń ṣe é. Ẹ pè é jókòó, ẹ bi í ní ohun tó ń bà á lẹ́rù. Nígbà mìíràn, àwa òbí gan-an ni.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ nìyí, bí ó bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ: ọmọ tí kì í sùn mọ́, tó ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, tó ń dá sọ̀rọ̀, tó ń fura sí gbogbo èèyàn, tí kì í wẹ̀ mọ́, tí ìwé rẹ̀ ṣàdédé bà jẹ́. Igbó mímu lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì lè mú un le sí i. Bí ẹnikẹ́ni, ọmọdé tàbí àgbà, bá ní ayé ti sú òun, tàbí pé ó sàn kí òun kú, ẹ má pè é ní àwàdà. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ kó oògùn àti ọta-pia-pia kúrò nítòsí, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀YIN ÀGBÀ WA NÁÀ

Àìsàn ọkàn máa ń fara pa mọ́ lára àgbà. Bí ìyá kan tí kì í pa ìpàdé regbẹ́rẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ bá ṣíwọ́, tí kò fẹ́ bá ẹgbẹ́ dá aṣọ Ojúde Ọba mọ́, tí ìkòkoré tó fẹ́ràn kò wù ú jẹ mọ́, ẹ má kàn ní "àgbà ti dé". Ẹ bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì mú un lọ rí dókítà.

Bí ó bá jẹ́ pé lójijì ni àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kántankàntan, tó dùbúlẹ̀ lánàá tí orí rẹ̀ pé, tó jí lónìí tí kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́, ẹ má dúró gbàdúrà nílé di ọ̀la. Ibà, àkóràn inú ìtọ̀, ìtọ̀ ṣúgà tàbí àrùn rọpárọsẹ̀ lè fà á. Ọsibítù ni kíákíá. Ti ẹni tó ń gbàgbé nǹkan díẹ̀díẹ̀ fún ọdún pípẹ́ yàtọ̀, àìsàn ọpọlọ àgbà ni, kì í ṣe àjẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí a má fi ọ̀rọ̀ àjẹ́ lé ìyá arúgbó síta.

BÍ Ẹ BÁ TI WÀ NÍNÚ RẸ̀

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọsibítù ìjọba tó wà nítòsí yín, wọn yóò darí yín. Ẹ lè lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣàgámù, tàbí kí ẹ lọ sí Aró. Ẹni tó bá mọ bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ni kó bá aláìsàn lọ, nítorí dókítà yóò bèèrè. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró nítorí pé ara ti yá. Bí oògùn bá ń mú un sùn jù tàbí tó ń mú ara rẹ̀ le gan-gan, ẹ lọ sọ fún dókítà, wọn lè dín in kù tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ máa gbàdúrà, kò sí dókítà tó ní kí ẹ má gbà á. Ẹ jẹ́ kí ó máa lo oògùn rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà náà.

Ní ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, kì í ṣe ìtọ́jú. Ó ń dá egbò, egbò sì lè di àkóràn tó ń pani. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 ti fi ẹ̀tọ́ aláìsàn ọpọlọ sínú ìwé, ó sì rọ́pò òfin tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1916, láyé òyìnbó amúnisìn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìpàdé ẹbí yẹn. Ìyá bàbá ọmọ náà wà níkàlẹ̀, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ń ta gàrí ní ọjà Òkè-Ajé. Wọn kò tilẹ̀ bi í ní nǹkan kan. Màmá ọmọ náà ló sọ ọ́ fún mi pé, nígbà tí ariwo pọ̀, ìyá àgbà dìde, ó so gèlè rẹ̀ le, ó ní, "Bí ẹ̀yin ò bá ráyè, èmi ráyè. Ṣebí èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ bí i?" Òun ló bá a lọ. Òun ló sì ń bá a lọ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dá ọjọ́ fún un, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi gbé e mọ́.

Ọmọ náà tún ṣubú sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ẹnì kan ní kí ó dáwọ́ oògùn dúró. Wọ́n gbé e padà, ara rẹ̀ tún yá. Ó ń mọ búlọ́ọ̀kù báyìí. Bí mo bá ń kọjá, ó máa ń kí mi, "Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí nọ́ọ̀sì." Àpá ṣì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ti àbúrò rẹ̀, àwọn àna gbọ́ nígbẹ̀yìn. Wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó.

Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ nínú ilé yín, tàbí nínú ilé aládùúgbò yín, ẹ má fi Aró bú ẹnikẹ́ni bí èmi ti ṣe nígbà kan. Ẹ bèèrè ta ni yóò bá a lọ. Bí ẹ bá ráyè, ẹ ní ẹ̀yin ni.

Títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ tọ́jú ara yín, ẹ sì tọ́jú ara wọn.